Ẹ̀sọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ: èsì fún ẹni tó béèrè nípa òwe ìgbín

Ọmọ mi tó béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé "ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi" jẹ́ òwe tí àwọn baba wa fi ń gbè sẹ́yìn ọ̀lẹ, o ṣé tó o béèrè, torí èmi náà gbọ́ àlàyé yẹn lórí rédíò kan níbí l'Abẹ́òkúta, inú sì bí mi gan-an. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà ní òyìnbó ní slouch, wọ́n ní dawdle, wọ́n ní sluggish, wọ́n ní lazy, àmọ́ Yorùbá ò ní ju ọ̀lẹ lọ, pé ẹni tí kò bá ti yára, ọ̀lẹ la máa pè é, àwa kan náà la tún wá ń fi ìgbín kọ́ ọmọ. Háà! Ẹni tó ń fi èdè Yorùbá jẹun ló ń sọ̀rọ̀ báyìí o.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ò kan bí ẹsẹ̀ ṣe yá sí. Ẹ wo bá a ṣe ń bú u: ọ̀lẹ alápámáṣiṣẹ́. Apá ló ní tí kò fi ṣiṣẹ́, ta ló dárúkọ eré níbẹ̀? Èèyàn lè máa sáré kiri àárọ̀ dalẹ́ kó jẹ́ pé iṣẹ́ ló ń sá fún, ọ̀lẹ pọ́ńbélé nìyẹn. Ìmẹ́lẹ́ náà, ọkàn ló ń gbé. Àmọ́ ẹ̀sọ̀, ọwọ́ ló ń gbé, ọgbọ́n iṣẹ́ ni, torí ẹni tó ń fẹ̀sọ̀ ṣe nǹkan, ó ṣáà ń ṣe é. Ibi tí òwe yẹn sì tẹ̀ mọ́ ni "gungi" tí gbogbo yín ń fò kọjá. Ìgbín ò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, ó tún gbé ilé ẹ̀ pọ̀n, síbẹ̀ ó gungi. Ọ̀lẹ wo lẹ rí tó gungi?

Àwọn òyìnbó tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yẹn fi ń yangàn gan-an, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún ẹranko. Slug, ẹ̀dá tó dà bí ìgbín tí kò ní ìkarahun un nì, èèyàn tó ya ọ̀lẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ yẹn pè, ìgbà tó yá ni wọ́n wá gbé e lé ẹranko lórí. Sloth, ẹranko kan tó ń rọra rìn lórí igi ní Gúúsù Amẹ́ríkà, orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ ìmẹ́lẹ́, ọ̀kan nínú ẹ̀ṣẹ̀ méje tí àwọn Kátólíìkì máa ń kà, ni wọ́n fi sọ ọ́, àwọn Potogí náà ń pè é ní preguiça, ìmẹ́lẹ́ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ewé lásán ni ẹranko yẹn ń jẹ, ewé ò sì lágbára tó máa fún un, ló ṣe ń rọra lo ìwọ̀nba tó ní. Wọ́n bú u láìṣẹ̀. Yorùbá ò ṣe irú ẹ̀. Ìgbín ni wọ́n ń fi bọ Ọbàtálá, omi ara ẹ̀ ni omi ẹ̀rọ̀. Agẹmọ náà, nínú ìtàn ìṣẹ̀dá ayé, òun ni Olódùmarè rán wá wò ó bóyá ilẹ̀ ti le tó, torí òun kì í fi ìkánjú tẹ ibi tí kò tíì dá a lójú.

Ibi tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú, ìdí aró ni. Ìyá tó bí ìyá mi, aláró ni wọ́n ní Ìtòkú. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ, ìlà kan lẹ́yìn ìkan, ọjọ́ á gorí ọjọ́, á wá gbẹ kó tó wọ inú aró. Tí wọ́n bá yọ ọ́ nínú ìkòkò, àwọ̀ bí ewé ló máa kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù, wọ́n á sá a kó gbatẹ́gùn, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún sá a, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dúdú. Ẹni tó bá kánjú dá a padà sínú ìkòkò kí atẹ́gùn tó fẹ́ ẹ dáadáa, tó bá dọjọ́ tí wọ́n fọ aṣọ yẹn, aró á máa ṣàn lọ. Ìyá mi àgbà á jókòó ti ìkòkò wọn, ẹni tó ń kọjá á rò pé wọ́n ń sinmi ni. Ẹ lọ pe aláró lọ́lẹ ní Ìtòkú kẹ́ ẹ gbọ́ èsì! "Ẹ fẹ̀sọ̀" ni wọ́n máa ń wí fún wa. Tí wọ́n bá ti wá lanu pé "ọ̀lẹ," ọmọ tó sá nígbà tó yẹ kó lọ pọn omi ni, ọmọ yẹn gan-an lẹsẹ̀ ẹ̀ sì yá jù nínú gbogbo wa.

Ní báyìí aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ló kún ọjà, àwọn ọmọ wa ń rà á, wọ́n ń pè é ní àdìrẹ, wọn ò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ó ń dùn mí. Kíákíá ti di ìwà lójú wọn, ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣe nǹkan ti di ẹni ẹ̀yìn, àwọn ló wá ń túmọ̀ òwe fún wa lórí rédíò.

Ẹ tún wo Lísàbí, akọni tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kò mọ̀ ọ́n? Àáró ló fi bẹ̀rẹ̀, oko lágbájá lónìí, oko tàmẹ̀dù lọ́la, ebè tó o kọ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo bó o ṣe yára tó. Àwọn ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ Aláàfin tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá nígbà yẹn, ń wò wọ́n, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ oko lásán ni, bẹ́ẹ̀ ogun ló ń fẹ̀sọ̀ kó jọ. Ká ní ó kánjú ni, àṣírí ì bá ti tú kọ́wọ́ tó tẹ àdá.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ìjáfara ni kó o mọ̀ pé ó yẹ kó o yára kó o má yára, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ìjáfara léwu. Ìlọ́ra ni kí nǹkan máa pẹ́ lọ́wọ́ èèyàn, kì í ṣe pé kò fẹ́ ṣe é. Ẹ má sì kọ ọ̀lẹ láìfàmì sí i o, torí ọlẹ̀ ni ọmọ tó ń sọ nínú aboyún. Ní ti slouch tí wọ́n ní a ò ní, kí wá ni jíjókòó gẹ̀lẹ̀tẹ̀? Kí ni nínà gbalaja sórí àga? Ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ láìṣàìsàn, a máa bá a wí. Àmọ́ tá a bá ní ẹnì kan ń rápálá, ara ló ń ni í, aláìsàn ni tàbí àgbàlagbà, kò sí Yorùbá gidi tó máa fi ìyẹn pè é lọ́lẹ.