Ọmọ mi wo fọ́tò orí Instagram yàwòrán: ṣé wọ́n á gbà á nínú ìdíje?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpínlẹ̀ Maryland ni a ń gbé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, fẹ́ kópa nínú Congressional Art Competition. Ó ti fi èédú ya ìyá àgbà kan tó wé gèlè aṣọ òkè, iṣẹ́ náà sì wú wa lórí gan-an. Orí Instagram ló ti rí fọ́tò tó wò. Olùkọ́ rẹ̀ ní wọn ò ní gbà á. Bó bá yí gèlè náà padà ńkọ́, tàbí tó kọ orúkọ ẹni tó ya fọ́tò sí abẹ́ rẹ̀? Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, báwo ló ṣe máa ṣe òmíràn tí èédú ò fi ní máa gbọ̀n sára gíláàsì bíi ti àkọ́kọ́?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni olùkọ́ sọ, mà. Láti 1982 tí àwọn aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìdíje yìí fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, òfin tó ń ká àwọn ọmọ tó mọ àwòrán yà lọ́wọ́ kò, kò jẹ́ nǹkan mìíràn ju èyí lọ: iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀, látorí èrò títí dé iṣẹ́ ọwọ́. Àdàkọ fọ́tò tí ẹlòmíì yà, ìbáà ṣe ti gbajúmọ̀ tàbí ti ìpolówó ọjà, kò wọlé. Yíyí gèlè padà kò yí ọ̀rọ̀ náà padà, torí pé ẹni tó ya fọ́tò ló yan bí ìyá yẹn ṣe jókòó, ibi tí ìmọ́lẹ̀ gbà wá àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Bó bá sì kọ orúkọ onífọ́tò sí i, ó kàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́rìí pé àdàkọ ni.

Kó fi èyí tó ti yà pamọ́, kó ya fọ́tò tirẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ ṣọ́ra níbí o: bí ìyá àgbà bá wà n'Íbàdàn, tí ẹ̀gbọ́n yín wá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fọ́tò ẹlòmíì náà ni. Ẹni tí ọmọ lè jókòó tì ni kó wá, bóyá ìyá kan nínú ìjọ yín tó gbà fún un tọkàntọkàn.

Kí ìyá náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan ṣoṣo, kí ẹ pa iná òkè, kí ẹ má sì tan iná fọ́nù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá dojú kọ èèyàn tààrà máa ń pa òjìji run, òjìji ló sì ń fi hàn wá pé ibí yọ, ibí wọnú. Kí ọmọ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 7, kó wá fi fọ́nù fà á súnmọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá gbé fọ́nù sún mọ́ ojú jù, imú á tóbi, etí á kéré, àṣìṣe yẹn á sì tẹ̀ lé e dórí bébà.

Ẹ tẹ fọ́tò náà ní ínṣì 8 sí 10, kó fi rúlà pín in sí àpótí ínṣì 1. Bébà àwòrán á jẹ́ ínṣì 16 sí 20, àpótí tirẹ̀ ínṣì 2. Ohun tó wà nínú àpótí kan nínú fọ́tò ló máa wà nínú ẹnìkejì rẹ̀ lórí bébà. Èédú igi willow ni kó fi fa ìlà wọ̀nyí, kó má fi pẹ́ńsù fà á: pẹ́ńsù máa ń dán, èédú kì í sì í dì mọ́ ọn dáadáa. Bébà tí ara rẹ̀ rí hẹ́rẹhẹ̀rẹ díẹ̀ ló dára, torí èyí tó ń dán kò ní ibi tí èédú lè rọ̀ mọ́.

Èédú willow fúyẹ́, ó ṣeé nù kúrò. Èyí tí wọ́n ń pè ní compressed charcoal dúdú kirikiri, kì í sì í fẹ́ kúrò mọ́. Willow ló máa ṣe iṣẹ́ títí dé ibi tó pọ̀ jù. Compressed di ìkẹyìn, fún ihò imú, abẹ́ gèlè àti àárín ẹyinjú nìkan. Àwọ̀ ara wa kì í ṣe dúdú kan náà láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ọmọ tó bá ti kọ́kọ́ da dúdú bo gbogbo ojú ti pàdánù ìmọ́lẹ̀ orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ti imú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ojú ti ń jí. Kó má fi ìka nù ún o. Òróró ọwọ́ máa ń wọ bébà, á sì hàn bí àbàwọ́n nígbà tí ẹ bá fọ́n fixative, oògùn tó ń mú èédú dì mọ́ bébà, sí i. Tíṣù tàbí bébà tí a ká ṣóńṣó ni kó lò.

Bí ìyá náà bá kọ pélé, ibẹ̀ ló yẹ kó fara balẹ̀ sí jù. Ìlà dúdú 3 tí a fà wuuru kọ́ ni pélé. Ojú àpá tó wọnú ni. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti apá òsì àwòrán wá, etí òsì ilà kọ̀ọ̀kan á ṣókùnkùn, etí ọ̀tún á gba ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Kó fi orí rọ́bà ìpàwérẹ́ gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn jáde. Gèlè aṣọ òkè náà ní ìwà tirẹ̀: ó le, ibi tó bá ti ṣẹ́ máa ń ní etí tó mú. Bó bá ń nù ún kiri, á dà bí àrán.

Ní ti èédú tó ń gbọ̀n, fixative ni ẹ máa fọ́n sí i, òfin ìdíje pàápàá gbà wá níyànjú bẹ́ẹ̀ fún èédú àti pastel. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí àwòrán dúró gbọọrọ, kí agolo jìnnà tó ínṣì 12. Kí fífọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn etí bébà kó sì kọjá etí kejì, fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, kó gbẹ láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá tutù rinrin ní ẹ̀ẹ̀kan á fi ojú omi sílẹ̀. Ó máa ń mú kí àwòrán dúdú sí i díẹ̀, nítorí náà kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí àjákù. Ẹ má lo oògùn irun dípò rẹ̀, ó ń pọ́n bó bá pẹ́.

Férémù ló ń lé ọ̀pọ̀ jáde. Ìwọ̀n tó wà nínú òfin ni ínṣì 26 sí 26, nínípọn 4, pẹ̀lú férémù lára. Ìwúwo kò gbọ́dọ̀ ju pọ́n-ùn 15 lọ. Ẹ yẹ òfin ọdún tí ẹ wà wò kí ẹ tó rajà. Bébà ínṣì 16 sí 20, tí páálí ínṣì 2 yí ká, di 20 sí 24. Férémù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 1 kò ní kọjá 26. Èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 2 ti kọjá. Páálí yẹn ṣe kókó, òun ni kì í jẹ́ kí gíláàsì kan èédú. Ike tó ń ṣe bíi gíláàsì fúyẹ́ jù ú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, á máa fa ìyẹ̀fun èédú sókè. Ẹ bi ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin yín léèrè èyí tí wọ́n ń gbà, kí ẹ sì gba ọjọ́ ìparí lẹ́nu wọn, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mú ọjọ́ tirẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ń fẹ́, wọn kì í gba ẹ̀dà tí a tẹ̀. Bó bá gbégbá orókè ní àgbègbè yín, ó máa wà lára ògiri ní Capitol, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ní Washington fún nǹkan bí ọdún kan. Àsìkò yẹn lè bọ́ sí ìgbà tó ń wá fásitì, nítorí náà ẹ ya fọ́tò àwòrán náà dáadáa kí férémù tó bò ó: níta, lábẹ́ ibòji, kí fọ́nù dọ́gba pẹ̀lú àárín rẹ̀. Kó tọ́jú fọ́tò ìyá náà tó fúnra rẹ̀ yà, kó fi han olùkọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù.