Nípa swab tí wọ́n gbà nídìí màmá yín ní ICU

Àbúrò mi, ẹ kú ìrọ́jú o, Ọlọ́run á bá wa wo màmá sàn. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, pé nọ́ọ̀sì ti òwú swab bọ màmá nídìí ní ICU (yàrá àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), ẹ̀gbọ́n yín ń bínú pé wọ́n fẹ́ fi ìyá òun kọ́ṣẹ́, èsì wá dé, wọ́n ní kòkòrò tí oògùn ò ká wà lára ẹ̀, síbẹ̀ dókítà ní òun ò tíì ní fún un ní oògùn ńlá, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

2019 ni ti bàbá mi. Ìgbógbó ní Ìkòròdú là ń gbé. Ara bàbá ò ní gbóná kó má sọ pé taifọ́ọ̀dù ni, kẹ́míìsì lọ́nà Sábó ló máa gbà lọ, wọ́n á gún un ní ceftriaxone, abẹ́rẹ́ antibáyọ́tíìkì tó ń pa kòkòrò, tára bá ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì kò ní padà lọ gba èyí tó kù, èmi yìí ni mo sì ń fún un lówó ẹ̀, tó bá ń wúkọ́ èmi náà ni mo ń wá ampiclox tó ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀ fún un. A ò mọ̀ pé àwọn kòkòrò tó rọrùn-ún pa nínú ìfun là ń pa, tá a sì ń gbálẹ̀ fún àwọn alágídí kí wọ́n máa bí sí i.

Ìfun bàbá wá lu, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó dèrò ICU. Wọn kì í gba swab níbẹ̀. Ceftriaxone yẹn náà ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, odindi ọjọ́ mẹ́ta, ibà ò lọ, BP ń wálẹ̀, kídìnrín ń dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìgbà tí èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbìn ní láàbù fi máa dé, Klebsiella, irú kòkòrò ìfun kan, tó ń ṣe ESBL ni wọ́n kọ síbẹ̀. ESBL yẹn ni ohun tí kòkòrò náà fi ń já ceftriaxone sí wẹ́wẹ́ kó tó ráyè pa á. Omi lásán la ti ń fà sí bàbá mi lára. Wọ́n yí i sí meropenem, antibáyọ́tíìkì tó lágbára jù ú lọ, bàbá kú lọ́jọ́ kejì ẹ̀.

2023, sítírọ́òkù gbé ìyá ọkọ mi dé ICU ibòmíì. Ọjọ́ tá a débẹ̀ ni wọ́n gba swab nímú, wọ́n gbà á nídìí, wọ́n sì ń gbà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó dun èmi náà o, ìyá àgbàlagbà, wọ́n ń ṣí i nídìí! Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, “Màmá, ìfun ni àwọn kòkòrò alágídí fi ṣelé, ibẹ̀ la ti ń wá wọn.” Ó ní láàbù á fi òwú yẹn pa abọ́ kan tí wọ́n ti po antibáyọ́tíìkì mọ́ oúnjẹ inú ẹ̀, èyí tó bá lè hù níbẹ̀ ni alágídí.

Èsì dé, ESBL! Mo figbe ta, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ meropenem lójú ẹsẹ̀, torí ikú bàbá mi ni mò ń rí. Konsọ́tàntì ní rárá. Ó ní ìyá gbé e dání ni, kò tíì bá a jà, ọ̀pọ̀ ẹni tó gbé e nínú ìfun ni kì í ṣe nǹkan kan, tóun bá sì da meropenem sí i báyìí, èyí tí meropenem gan-an ò ká ló máa gbapò, ibẹ̀ la sì ti ń bọ́ sọ́wọ́ oògùn bíi colistin tó ń ba kídìnrín jẹ́. Ó wá fi bírò pupa kọ ọ́ sínú fáìlì pé tí ibà bá dé, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú meropenem ní wákàtí yẹn gan-an.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, aago méjì òru, ibà dé, àyà ìyá ń han. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kékeré, kò tiẹ̀ ronú, ó ṣí fáìlì, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó so oògùn kọ́. Èsì ẹ̀jẹ̀ àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá fi hàn lẹ́yìn ọjọ́ méjì pé kì í tiẹ̀ ṣe alágídí yẹn, wọ́n yọ meropenem, wọ́n já a sí oògùn kékeré. Ìyá ti padà sílé, ó ń jókòó síta nírọ̀lẹ́. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, swab tiẹ̀ ò rí nǹkan kan, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè fọkàn balẹ̀ lo oògùn kékeré fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Torí náà kí ẹ̀gbọ́n yín má bá dókítà jà. Ẹ bi í bóyá ó ti kọ oògùn tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò sínú fáìlì, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí oògùn tó wọlé. Tí wọ́n bá ń wọ ibọ̀wọ́ àti gáùn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ fọ ọwọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá wọlé àti nígbà tẹ́ ẹ bá ń jáde, ẹ má sì di bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì mú.

Ẹ tún wo èsì yẹn dáadáa, ṣé ESBL ni wọ́n kọ àbí CRE, ìyẹn alágídí tó ju ESBL lọ? Tó bá jẹ́ CRE, meropenem lè má ràn án, ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi nìyẹn, dókítà yín ló máa mọ èyí tó máa lò. Ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ má fi orúkọ màmá sí i, mi ò tíì ní sùn.