Iṣẹ́ Mẹ́fà Lọ́wọ́, Kérésì Ku Ọ̀sẹ̀ Méje: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Òtútù ti dé, àpò lẹ́tà wa sì ti kún. Lọ́dọọdún, bí Oṣù Kọkànlá bá ti wọlé báyìí, ìbéèrè àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ hun òwú ló máa ń pọ̀ jù, ohùn kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń mú wá: iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́, ọjọ́ ò dúró. Àwọn tí ojú ewé yìí gbà rèé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ hun fìlà mẹ́ta, ìborùn méjì àti ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ méjì fún àwọn ará ilé mi kí Kérésì tó dé. Wákàtí kan ààbọ̀ ni mo máa ń rí lálẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá sùn. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, pé kí n parí ọ̀kan kí n tó mú òmíràn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ẹ̀jìrẹ́ á gbè yín. Òwe ọ̀rẹ́ yín dára fún ọdẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ bá iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mu. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí pé iye nǹkan tí ẹ fẹ́ hun kọ́ ló ń jẹ àkókò. Iye ojú tó wà nínú wọn ni, ìyẹn ìkọ́ òwú kéékèèké tí abẹ́rẹ́ ń ṣe.

Ẹ gbé aago síwájú, ẹ hun fún ìṣẹ́jú 10 bí ẹ ṣe máa ń hun, ẹ ka ojú tí ẹ ti hun, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá níwọ̀nba máa ń hun nǹkan bíi 200, ìyẹn 1,200 ní wákàtí kan. Ó yá, ẹ wo fìlà àgbàlagbà tí a fi òwú DK (èyí tí kò tín-ín-rín jù, tí kò sì nípọn jù) àti abẹ́rẹ́ mìlímítà 4 hun. Ní ìbú, ojú 22 ló máa ń wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ní òró, ìlà 30. Orí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56 fẹ́ fìlà tó fi bíi 5 kéré sí i kó lè dì mọ́ ọn, ojú 112 nìyẹn. Tí ẹ bá hun ún ga tó sẹ̀ǹtímítà 22, tí ojú wá ń dín kù lọ sókè àtàrí, gbogbo rẹ̀ á tó 6,500. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀.

Ìborùn wá ńkọ́, tí gbogbo èèyàn kà sí iṣẹ́ ọmọdé? Òwú kan náà, ojú 54 ní ìbú, mítà kan ààbọ̀ ní gígùn: ìlà 450 nìyẹn, ojú 24,300. Ó lé ní ogún wákàtí! Ìborùn kan ṣoṣo gba àkókò ju fìlà mẹ́ta lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há sí lọ́jọ́ kejìlélógún Oṣù Kejìlá. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ méjì, tó jẹ́ òwú 4-ply (ó tín-ín-rín ju DK lọ), abẹ́rẹ́ mìlímítà 2.5 àti ojú 64 yíká, máa tó ojú 21,000, ìyẹn wákàtí mẹ́tàdínlógún ààbọ̀.

Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní wákàtí 74. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún rírán, fífi ìdí òwú pamọ́ àti fífọ̀. Ó ti sún mọ́ 90. Ẹ̀yin sì rèé, ọ̀sẹ̀ méje ní wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́ kò ju 73 àti ààbọ̀ lọ. Kò lè ṣeé ṣe, kì í ṣe pé ẹ ya ọ̀lẹ.

Àwọn ìborùn yẹn ni kí ẹ yí padà. Ẹ fi òwú kìǹbà tí wọ́n kọ chunky sí lára hun wọ́n, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìlímítà 6.5. Ojú 30, ìlà 300, gbogbo rẹ̀ 9,000. Òwú kìǹbà máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ka 1,000 sí wákàtí kan: wákàtí mẹ́sàn-án fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ yín á wá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 62, ẹ á sì ní àyè fún alẹ́ tí ọmọ ò bá sùn. Ojú méjì iwájú (knit), ojú méjì ẹ̀yìn (purl) ni kí ẹ fi hun ìborùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ẹ bá hun ojú iwájú nìkan ní apá kan, ojú ẹ̀yìn nìkan ní apá kejì, etí rẹ̀ á máa ká wọlé, kò sí irin ìlọṣọ tó máa wò ó sàn.

Ní ti òwe, ẹ máa ní iṣẹ́ méjì lórí abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má ṣe jẹ́ irú kan. Kí ọ̀kan jẹ́ èyí tó ń gba ojú àti ọkàn, bíi gìgísẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ tàbí àtàrí fìlà tí ojú ti ń dín. Kí èkejì jẹ́ èyí tí ẹ lè máa hun nínú bọ́ọ̀sì tàbí nígbà tí ẹ bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ẹni tí oorun ń kùn tó bá ń yí gìgísẹ̀ láago mọ́kànlá òru, òwúrọ̀ ló máa fi tú u. Mẹ́ta ni kó pọ̀ jù. Ẹ kọ́kọ́ parí àwọn tó ní ìwọ̀n, ìyẹn ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà, kí ìborùn gbẹ̀yìn. Ìborùn tí ọjọ́ bá ká mọ́ ní mítà kan lé díẹ̀, ìborùn náà ni. Fìlà tí ọjọ́ ká mọ́ ní àárín orí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ìbọ̀sẹ̀ náà, ẹ má parí ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ẹ hun ọrùn méjèèjì, kí ẹ yí gìgísẹ̀ méjèèjì, kí ẹ tó lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n á dọ́gba, ìbọ̀sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kan ò sì ní kù nílẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá gbé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, n kì í mọ ibi tí mo dé mọ́. Nínú sùwẹ́tà ọmọ mi, ihò kan yọ sáàárín, òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ. (Onísùúrù, Leeds)

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ihò yẹn wá látinú pé ẹ dúró láàárín ìlà, nígbà tí ẹ sì padà dé, ẹ gba ọ̀nà òdì. Ẹ wo ibi tí òwú tó lọ sínú bọ́ọ̀lù òwú yín ti jáde: lára ojú tí ẹ hun kẹ́yìn ni, ojú yẹn sì gbọ́dọ̀ wà lórí abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Tí ẹ bá gbé abẹ́rẹ́ tí òwú ń so lára rẹ̀ sí ọwọ́ òsì, ẹ ti yí padà láì parí ìlà nìyẹn; apá kan á fi ìlà méjì ga ju èkejì lọ, ihò á sì yọ níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìparí ìlà ni kí ẹ máa dúró sí, bí wọ́n tilẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn.

Fífẹ̀ yẹn ní tiẹ̀, a fura pé ẹ yọ abẹ́rẹ́ sùwẹ́tà náà fún iṣẹ́ míì, ẹ wá fi òmíràn padà síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ mìlímítà 4 àti 4.5 jọra lójú, ojú 22 sì lè di 20 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ìwọ̀n wọn bá tiẹ̀ dọ́gba, abẹ́rẹ́ irin máa ń yọ̀, ó sì máa ń jẹ́ kí ọwọ́ àwọn mìíràn dẹ̀ ju bí ọparun ṣe ń ṣe lọ. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ yá abẹ́rẹ́ láti ara iṣẹ́ kan, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tí orí rẹ̀ kò mú fa òwú tó ń dán, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, gba inú gbogbo ojú, kí ẹ so ó ní ẹnu méjèèjì, kí ẹ sì so ìwé pélébé mọ́ ọn: ìwọ̀n abẹ́rẹ́, ìlà tí ẹ dé, ohun tó kàn. Báàgì kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìwé àti òwú rẹ̀ nínú rẹ̀. Ní gbogbo ìlà 10, ẹ fi òwú àwọ̀ míì ha ojú kan; ìgbà tí ẹ bá padà dé, ẹ̀ẹ̀wá-ẹ̀ẹ̀wá lẹ á máa kà.

Ìbéèrè: Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Houston pín fìlà àwọn ọmọ ẹbí hun. Ìwé kan náà la lò, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8 la sì jọ lò. Tèmi dára, tiẹ̀ bo ojú ẹni tó dé e. Tèmi yìí, abẹ́rẹ́ ìyá wa àtijọ́ ni. (Ẹ̀gbọ́n, Birmingham)

Ìdáhùn: Nọ́ńbà 8 ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, tó ṣeé ṣe kí ti ìyá yín jẹ́, mìlímítà 4 ni. Nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà, mìlímítà 5. Nọ́ńbà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń kéré bí abẹ́rẹ́ bá ṣe ń tóbi, ti Amẹ́ríkà á máa pọ̀ sí i, òun ló fi jẹ́ pé wọ́n pàdé lẹ́nu nọ́ńbà kan, wọn ò sì pàdé ní ìwọ̀n. Lórí abẹ́rẹ́ 5, òwú DK lè fún yín ní ojú 18 péré nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ojú 112 tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 51 lọ́wọ́ yín di 62 lọ́wọ́ àbúrò yín. Mìlímítà nìkan ni kí ẹ jọ máa sọ. Kí àbúrò yín wá nọ́ńbà 6, òun ni mìlímítà 4 lọ́dọ̀ wọn.

Tí ẹ bá tún fẹ́ pín iṣẹ́ kroṣé, èyí tí a ń fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó ní ìkọ́ hun, ẹ ṣọ́ra síwájú sí i. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet, single crochet ni Amẹ́ríkà ń pè é. Treble ti Gẹ̀ẹ́sì ni double ti Amẹ́ríkà. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti kọ ìwé náà kí ẹ tó fọwọ́ kan òwú.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òwú tó kù máa tó? (Adéwùnmí, Manchester)

Ìdáhùn: Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni. Tí ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ bá wọn gíráàmù 26, tí bọ́ọ̀lù sì ku 22, kò ní tó. Ẹ hun ọrùn ìbọ̀wọ́ méjèèjì kúrú sí i. Fún pípa ojú níparí, ẹ fi òwú tó tó ìlọ́po mẹ́rin ìbú iṣẹ́ náà sílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ra òmíràn, ẹ wo nọ́ńbà aró, ìyẹn nọ́ńbà àwọn òwú tí wọ́n pa láró pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lára bébà tó yí bọ́ọ̀lù ká, kì í ṣe orúkọ àwọ̀ nìkan. Tí nọ́ńbà kò bá bára mu, ẹ máa fi òwú tuntun hun ìlà méjì, kí ẹ fi ti àtijọ́ hun méjì, fún bíi sẹ̀ǹtímítà 5, kí ìlà aró má bàa hàn.

Ìbéèrè: Oníbàárà mẹ́rin ló fẹ́ kádígàànì, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun lọ́wọ́ mi nínú Oṣù Kejìlá. Wọn ò tíì bímọ. (Aláṣọ Ọmọ, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire. Ìṣòro tiyín ni pé ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìbímọ ni ìkómọ, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ọjọ́ tí ọmọ máa dé. Nítorí náà, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó kọ́kọ́ sanwó. Ẹ hun fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ná. Bí aboyún kan bá yára bí, ohun kan á wà láti gbé fún un. Lẹ́yìn náà ẹ wá mú àwọn kádígàànì, ìwé kan náà fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọ̀ nìkan ni kó yàtọ̀. Apá iwájú ọ̀tún àti ti òsì, ẹ hun wọ́n pọ̀ lórí abẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù méjì. Ẹ ò ní ka ìlà lẹ́ẹ̀mejì, ọrùn wọn á sì dọ́gba.

Nǹkan bíi gíráàmù 150 òwú DK ni odindi kan máa gbà. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ hun ti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, torí ti ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kì í pẹ́ tó fi há. Pẹ̀lú ooru wa, òwú kọ́tìn-ìn dára fún un, àmọ́ kì í fà kó padà bíi wúùlù, kí ẹ lo abẹ́rẹ́ tó kéré díẹ̀ fún ọrùn àti ìsàlẹ̀ ọwọ́ kí wọ́n má bàa dẹ̀. Tí ẹ bá fi àwọ̀ méjì ṣe ọnà, ẹ má jẹ́ kí òwú fò ju ojú mẹ́ta lọ nínú aṣọ: ìka ọmọ máa ń há síbẹ̀. Bọ́tìnnì, ẹ fi òwú méjì rán an, kí ẹ fà á wò tagbára-tagbára.

Ìbéèrè: Ọrùn ọwọ́ ń ro mí. (Ọ̀kan nínú yín, Dublin)

Ìdáhùn: Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ na ìka. Ẹ máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ tín-ín-rín pẹ̀lú kìǹbà lálẹ́ kan náà. Tí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e bá ń kú tipiri lóru, dókítà ni kí ẹ lọ bá, kì í ṣe òróró.

Ìbéèrè: Bí mo bá parí lọ́jọ́ 24, ṣé mo lè fọ̀ ọ́ kí n wé e lọ́jọ́ kan náà? (Ìyàwó Ilé, Glasgow)

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ wúùlù, rárá. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, láì fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ ká a sínú táwẹ́lì kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja. Lásìkò òtútù, ó máa ń gba ọjọ́ kan sí méjì kó tó gbẹ. Ẹ má gbé e lé ẹ̀rọ amúlégbóná. Ọjọ́ 21 ni kí ó kúrò lórí abẹ́rẹ́. Tó bá jẹ́ acrylic (òwú àtọwọ́dá), ẹ má fi irin gbígbóná kàn án: á rọ pẹ̀lẹbẹ, á máa dán, kò sì ní padà sípò mọ́. Ẹ kọ bí wọ́n á ṣe máa fọ̀ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fi í sínú ẹ̀bùn náà. Ẹni tí ẹ mọ̀ pé á da gbogbo aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ lórí ìwọ̀n ooru 60, ẹ má fún un ní wúùlù rárá. Ti acrylic ni kí ẹ hun fún un.