Ẹ̀rọ tó ń wá fọ́ọ̀tì ò bàjẹ́, jẹnẹrétọ̀ yín ni kẹ́ ẹ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá ẹnjiníà. Èmi ni mò ń bójú tó fíídà 11kV (waya ńlá tó ń gbé iná wọlé) ẹsíteètì wa. A so jẹnẹrétọ̀ ńlá kan tó ń lo gáàsì mọ́ ọn, òun àti iná ìta sì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí kébù ilẹ̀ gbiná, ẹ̀rọ wa tó wà ní substation (ibi tí iná ti ń wọ fíídà náà) sọ pé kìlómítà 5 sí ibẹ̀ ni fọ́ọ̀tì, ìyẹn ibi tí waya ti bàjẹ́, wà, àmọ́ kìlómítà 4 la ti wá bá a. Ẹni tó ń ta irú ẹ̀rọ yìí sọ pé tiwa ti bàjẹ́, ká ra tuntun. Àbí sọ́là orí òrùlé àwọn ará ilé ló ń dà á láàmú?

Ìdáhùn: Ẹ má ra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ “ó ti bàjẹ́” yìí ń bí mi nínú, torí ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ, owó ńlá ló sì ń bá a lọ. Tuntun tí ẹ bá rà náà, kìlómítà 5 ló máa sọ.

Ohun méjì péré ni ẹ̀rọ yẹn ń rí: fóltéèjì tó wà ní substation, àti kọ́rẹ́ǹtì tó gba ibẹ̀ kọjá. Ó fi kọ́rẹ́ǹtì pín fóltéèjì, ó wá sọ èsì rẹ̀ di ìwọ̀n ọ̀nà. Bó bá jẹ́ substation nìkan ló ń bọ́ fọ́ọ̀tì, kò síṣòro. Àmọ́ ní tiyín, ẹlòmíì ti dá sí i lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká fojú bù ú. Ká ní kìlómítà 2 ni jẹnẹrétọ̀ ti wọlé, substation ń rán 1,000 áńpù, jẹnẹrétọ̀ ń rán 500. Látibẹ̀ lọ dé ibi fọ́ọ̀tì, 1,500 áńpù ló ń gba inú waya. Fóltéèjì tí waya ń jẹ ń tẹ̀lé gígùn rẹ̀ lọ́nà kọ́rẹ́ǹtì inú rẹ̀. Kìlómítà 2 lọ́nà 1,000 jẹ́ 2,000. Kìlómítà 2 lọ́nà 1,500 jẹ́ 3,000. Àpapọ̀ wọn, 5,000. Ẹ̀rọ fi 1,000 tí òun rí pín in, ó bá 5 jáde. Kò mọ̀ pé 500 kankan wà níbì kan. Ohun kan náà lè mú kí relay (ẹ̀rọ tó ń pàṣẹ kí iná já bí fọ́ọ̀tì bá wà) rò pé fọ́ọ̀tì ti jìnnà kọjá ibi tí wọ́n ní kó máa ṣọ́, kó má sì tètè já. (Mo fo ọ̀pọ̀ nǹkan nínú ìṣirò yìí, ẹ má fi wa ilẹ̀.)

Sọ́là kọ́. Inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sọ́là di irú iná ilé, máa ń ká ara rẹ̀ lọ́wọ́ kò, kọ́rẹ́ǹtì tó ń rán sí fọ́ọ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tó ń gbé tẹ́lẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ lè rán ìlọ́po 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọ̀n sí ibi jẹnẹrétọ̀ náà, kí aago rẹ̀ bá ti substation mu, kí ẹ wá fi kọ́rẹ́ǹtì méjèèjì ṣírò. Mi ò rí fíídà yín o. Ẹnjiníà tí COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni kó ṣe é.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ẹni tó bá ní “mo ti pa á láti substation”, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan waya, torí jẹnẹrétọ̀ ṣì lè máa fún un níná. Ẹ ṣí bréékà jẹnẹrétọ̀ kí iná rẹ̀ já, ẹ fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́, ẹ dán waya wò, kí ẹ sì so ó mọ́ ilẹ̀ (earthing) ní iwájú àti ẹ̀yìn ibi iṣẹ́.