Lógò tó wà ní igun tẹlifíṣàn kọ́ ni ọjọ́ ìbí fídíò yín

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ̀wé. A rí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan nínú àpótí bàbá wa tó dolóògbé lọ́dún 1994. Ojúde Ọba ló wà nínú rẹ̀, bàbá wa sì wà lórí ẹṣin láàárín àwọn ará ilé wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa ló bá wa gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí fóònù. Ó ní OGTV, ìyẹn orúkọ tẹlifíṣàn Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n kọ sókè lápá ọ̀tún fi hàn pé ọdún 1976 ni wọ́n yà á, torí ọdún yẹn ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ó ní tí a bá san ₦45,000, òun á pa lógò náà rẹ́, òun á sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí ọdún. A fẹ́ tẹ ọdún náà sára kàlẹ́ńdà ìrántí bàbá wa. Mo tún fi fídíò kan tí wọ́n kọ WNTV sí ránṣẹ́ sí yín, wọ́n ní ìgbà tí Ọba Adétọ̀nà gorí ìtẹ́ Awùjalẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè to àwọn lógò wọ̀nyí fún wa, èyí tí wọ́n lò nígbà báyìí àti èyí tí wọ́n lò nígbà báyìí, ká lè fi wò ó?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná, kí owó má baà ti kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kà á dé ìsàlẹ̀.

Láti Iléyá tó kọjá, ìbéèrè yín ló di ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún irú ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Ṣàgámù níbí. Ọ̀kan wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, òmíràn wá láti Ìpẹ̀rù. Gbogbo wọn ló ní kí n to lógò fún àwọn bí wọ́n ṣe ń to ọba sórí àlímánáákì. Mi ò ní to nǹkan kan. Kì í ṣe pé mo láwun. Bí mo bá tò ó fún yín, ẹ ó ṣì í lò ni, torí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni kò dára. Ẹ rò pé àmì tó wà ní igun àwòrán ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ya àwòrán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́ ló ń sọ, kò sì mọ ju ìyẹn lọ.

Ká ní ẹ kọ lẹ́tà lónìí, ẹ gbàgbé ẹ̀ sínú àpò aṣọ fún ọdún mẹ́ta kí ẹ tó mú un lọ sí póòsì. Ọjọ́ wo ló máa wà nínú òǹtẹ̀ tí wọ́n á lù mọ́ ọn? Ọjọ́ tó dé póòsì ni. Òǹtẹ̀ póòsì ni lógò igun yẹn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ètò tí wọ́n ká ní Ìtòrò tàbí ní ààfin kì í ní lógò kankan lára. Wọ́n á gé e, wọ́n á tò ó, wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ nínú láíbìrì, kò ní sí nǹkan ní igun rẹ̀ síbẹ̀. Yàrá tó gbẹ̀yìn kí àwòrán tó kọjá sí ẹ̀rọ tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́, èyí tí a ń pè ní master control, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi lógò lé e. Ẹ̀rọ kan báyìí tí wọ́n ń pè ní keyer ló ń ṣe é. Bí wọ́n bá gbé ètò kan náà jáde lọ́dún 1983, tí wọ́n tún gbé e jáde lọ́dún 1996, tí wọ́n sì tún fi ṣe ìrántí lọ́dún 2012, lógò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè wà lára ẹ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú bàbá yín kò ní yí padà. Ẹ̀wẹ̀, bí oníkámẹ́rà bá fún ẹnìkan ní ẹ̀dà látọwọ́ ara rẹ̀, kò ní sí lógò kankan níbẹ̀, ìyẹn ò sì sọ ọ́ di ayédèrú.

Ní ti ọdún 1976 tí ọmọ yẹn dá, ó mọ ìṣirò díẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní àárọ̀, tẹlifíṣàn rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́. Ìbàdàn ni aéríà wa kọjú sí nígbà yẹn. Lọ́dún 1977, òfin ìjọba ológun kó gbogbo iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn tó wà káàkiri Nàìjíríà sábẹ́ NTA. Ìgbà tí àwọn alágbádá gba ìjọba ní 1979 ni àwọn ìpínlẹ̀ tún tó ráàyè dá tiwọn sílẹ̀, ìjọba Olóyè Bísí Ọ̀nàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde yín níbẹ̀, ló sì dá OGTV sílẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Gateway Television, tí gbogbo ayé ń pè ní GTV, wọ́n sì tún dá a padà sí OGTV. Ẹ rò ó wò: OGTV tó wà lókè yẹn lè jẹ́ ti ìgbà àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ ti ìgbà tí wọ́n padà sí i. Èyí tí kò lè jẹ́ ni 1976. Kásẹ́ẹ̀tì VHS fúnra rẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976 ni JVC ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e jáde ní ilẹ̀ Japan. Mo mọ̀ pé owó wà ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tó ń ra ọjà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ jẹ́ n sọ nípa lógò WNTV yẹn, torí òun ló bí mi nínú jù.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV, tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nẹ́ wa níbí. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ 27 oṣù náà, iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Anglia bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti agbègbè lòun náà. Ọmọ ìgbà kan náà ni wọ́n, mo sì fẹ́ràn láti máa fi Anglia kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ mọ ohun tí lógò wọn jẹ́? Ère jagunjagun lórí ẹṣin, fàdákà gidi, tí wọ́n ti rọ láti ọdún 1850 fún ọba ilẹ̀ Netherlands gẹ́gẹ́ bí ife ẹ̀yẹ. Wọ́n gbé e ka orí àtẹ tó ń yí, kámẹ́rà kọjú sí i, ó ń yí po pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, orin ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ rárá. Ọdún 1988 ni wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀, tí wọ́n fi àsíá tí kọ̀ǹpútà yà rọ́pò rẹ̀. Ilé ayé tó ń yí nínú lógò BBC náà, ẹ̀rọ gidi ni wọ́n ń fi yí i títí di oṣù Kejì ọdún 1985.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ni pé ẹlẹ́ṣin yẹn kì í jókòó sí igun ètò. Ó máa ń wá láàárín ètò kan sí èkejì, á yí, á sì lọ. Àlejò ni lógò láyé ìgbà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Nígbà tí mo wọ yàrá àwọn ayàwòrán ní iléeṣẹ́ tí mo ti kọ́ṣẹ́, káàdì dúdú àti lẹ́tà funfun ni gbogbo ohun ìjà wa. Letraset ni a ń lò, lẹ́tà tí a máa ń fi nǹkan ra ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ kó lè lẹ̀ mọ́ káàdì. Bí O bá tán nínú rẹ̀, a ó mú Q, a ó fi bíléèdì ha ìrù rẹ̀ dànù, ìròyìn aago mẹ́sàn-án ò sì ní mọ̀. A ó gbé káàdì náà sórí ìdúró, kámẹ́rà kan á kọjú sí i, wọ́n á ki àwòrán rẹ̀ lé ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a ń pè é ní súpà. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ó tán, torí wọ́n nílò kámẹ́rà yẹn fún nǹkan mìíràn. Kámẹ́rà méjì mẹ́ta ló wà nínú stúdíò, èwo ni wọ́n máa wá yọ sílẹ̀ kó dúró ti káàdì fún odindi wákàtí mẹ́ta?

Ìgbà tí ẹ̀rọ tó lè gbé lógò dání fúnra rẹ̀ dé ni lógò tó tẹ̀dó sí igun tó di nǹkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àwọn tí aéríà lásán ń gbé, Channel 5 ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 1997 ló sì bẹ̀rẹ̀. Ní 1960 kẹ̀?

Nítorí náà, fídíò WNTV tí ẹ fi ránṣẹ́ yẹn, ojú fóònù ni mo fi wò ó, mi ò ní búra lé e, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló fojú hàn. Lógò rẹ̀ mú ṣáṣá, àwòrán abẹ́ rẹ̀ sì rí bàìbàì. Bí àwọn méjèèjì bá jọ gba afẹ́fẹ́ kọjá, wọ́n á jọ rí bàìbàì ni. Ìkejì, ó lẹ̀ mọ́ igun pátápátá. Tẹlifíṣàn onígò àtijọ́ máa ń jẹ etí àwòrán mọ́nú, a kì í kọ nǹkan síbẹ̀ torí ẹni tó wà nílé ò ní rí i, inú la máa ń fà á sí. Ìkẹta, àwọ̀ ewé ni lógò náà, àwọ̀ ò sì wọ tẹlifíṣàn Nàìjíríà títí di àárín ọdún 1970 sí 1979. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ o. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1960 ni Ọba Adétọ̀nà gorí ìtẹ́, WNTV ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù márùn-ún. Àmọ́ ẹni tó lẹ lógò yẹn mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má tíì bí i nígbà náà.

Ó wá ku ti bàbá yín. Ẹ fi igun sílẹ̀, ẹ wo inú àwòrán.

Aṣọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, kì í wọ aṣọ èṣí wá sí Ojúde Ọba tọdún yìí. Ẹ wá ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ tó kọjá nínú fídíò, ẹ fi hàn án. Á sọ ọdún náà fún yín, á sọ iye tí wọ́n ra ọ̀pá kan, á sì sọ ẹni tó jẹ gbèsè tirẹ̀ títí dòní. Mi ò tíì rí lógò tó mọ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ojú ọjọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, Iléyá sì ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá padà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Lọ́dún 1976, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló bọ́ sí, ilẹ̀ ti gbẹ. Lọ́dún 1981 ó wà ní oṣù Kẹwàá, lọ́dún 1990 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, lọ́dún 1994 ní oṣù Karùn-ún. Bí ẹ bá rí ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹṣin àti agbòòrùn lọ́wọ́ èrò, 1976 ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ń sun àgbàdo tútù lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ máa wo nǹkan bí 1986 sí 1991. Mi ò sọ pé ẹ fi àgbàdo nìkan dájọ́ o.

Nọ́ńbà ọkọ̀ náà wúlò: ti tuntun tó ń kọ orúkọ àti oríkì ìpínlẹ̀ sára, ọdún 1992 ló bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí àgọ́ Glo, ẹ pa fídíò náà, kì í ṣe bàbá yín ló wà lórí ẹṣin, torí Glo ò dé kó tó di 2003.

Ní ti pípa lógò rẹ́, kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣí lógò bí ẹní ṣí aṣọ kí ohun tó wà lábẹ́ lè yọjú. Ohun tó wà lábẹ́ ti lọ. Ẹ̀rọ á kàn méfò, á ya nǹkan dí ojú ihò náà ni. Bó bá jẹ́ pé fìlà ẹnìkan ló bọ́ sí ibẹ̀, fìlà tí kò sí lọ́jà kankan ni wọ́n máa yà fún un. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó gbé ètò jáde ló ni òǹtẹ̀ náà, pípa òǹtẹ̀ olóhun rẹ́ lè dá wàhálà sílẹ̀. Kàlẹ́ńdà ìdílé tí ẹ kò tà, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa yọ yín lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ bi iléeṣẹ́ náà léèrè kí ẹ tó ṣe é.

Ìwé ẹ̀rí ọdún ńkọ́? Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, mi ò lè fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Èwo ni ká wá máa fi owó Ìjẹ̀bú ra ìméfò?

Ẹ sanwó fún un kó gbé gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà sórí kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, owó iṣẹ́ gidi nìyẹn. Kí ó tó kì í bọ ẹ̀rọ, ẹ ṣí ìdérí iwájú rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ebu funfun lára téèpù, ẹ má jẹ́ kó yí i rárá, ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún. Ẹ sì kìlọ̀ fún un kó má gé ìpolówó tó wà ṣáájú àti lẹ́yìn ètò náà dànù o, wọ́n fẹ́ràn láti máa gé e. Iye owó ọjà, nọ́ńbà fóònù, "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn báyìí", inú ìpolówó ni ọdún máa ń sá pamọ́ sí. Ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí mi tí ẹ bá ti rí i, mi ò gba owó. Bí kàlẹ́ńdà bá ń kánjú, ẹ kọ "Ojúde Ọba, 1994 tàbí ṣáájú rẹ̀" sábẹ́ àwòrán bàbá, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.