Ìgbéyàwó lọ́jọ́ Júùnù 12

Ìyá kan ní Maryland bèèrè pé: "Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fẹ́ òyìnbó. Ó ní dandan, Júùnù 12 ni àwọn máa ṣe é, kí àwọn fi bọlá fún Mildred Loving. Bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Abíọ́lá lòun mọ ọjọ́ yẹn sí, òun ò sì ní bá wọn débẹ̀. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá ọmọ. Virginia níbí ni mò ń gbé, ọ̀rọ̀ Mildred kò jìnnà sí wa. Obìnrin dúdú ni, òyìnbó bíríkìlà ni Richard ọkọ rẹ̀. Ọdún 1958 ni wọ́n lọ ṣègbéyàwó ní Washington, torí òfin Virginia kò gbà kí òyìnbó àti èèyàn dúdú fẹ́ra. Kò ju oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ọlọ́pàá fi já wọlé lóru, tí wọ́n ká wọn mọ́ orí ibùsùn. Ìwé ìgbéyàwó wà lára ògiri, wọn ò kà á sí. Adájọ́ ní àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ jọ padà sí Virginia fún ọdún 25, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Mildred fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí Robert Kennedy, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ìyẹn ní kí wọ́n lọ bá àwọn lọ́yà ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú. Ní Júùnù 12, 1967, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù fẹnu kò, òfin náà sì wó ní ìpínlẹ̀ 16 lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin yẹn kò wá òkìkí. Ẹ̀gbẹ́ àwọn ẹbí rẹ̀ ló fẹ́ máa gbé, kó tọ́ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ sọ ibẹ̀ yẹn fún bàbá wọn. Ẹni tó bá sì sunkún ìbò 1993 mọ bó ṣe ń rí kí ìjọba fagi lé ohun tí èèyàn fẹ̀tọ́ yàn.

Èyí tó ń dùn mí ni ìdána ọmọ mi obìnrin. Ọkọ rẹ̀ òyìnbó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, alága ń kọrin, a ń náwó. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ti Ìjẹ̀bú wá jókòó sínú mọ́tò níta, kò wọlé. Ọmọ mi rí i láti ojú fèrèsé. Kò sunkún, ó kàn ń wò ó, títí alága fi pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó wá mú Bíbélì láàárín ẹrù. Nígbà tó yá, bàbá náà rò ó wò, ó fóònù, ó bẹ̀ ẹ́, ó rọ̀jò àdúrà lé e lórí bí àgbà ṣe ń ṣe é. Ọmọ mi ò gbọ́ ju "àmín" lọ. Yorùbá rẹ̀ ò dé ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wá bi mí pé kí ló dé tí a ò kọ́ ọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà yẹn, bàbá rẹ̀ ń wa takisí, tíṣà sì ní kí a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan nílé. Títí di òní, kò tíì mú àwọn ọmọ rẹ̀ dé Ìjẹ̀bú. Mo máa ń rò ó lóru bóyá yóò ṣojú mi.

Ẹ wá ẹni tí bàbá wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu, kó bá a sọ̀rọ̀ kí ìwé ìpè tó jáde. Ti àwọn ará ilé ní Nàìjíríà, n ò tíì rí ọgbọ́n kan dá sí i. Àwọn òbí ìyàwó ńkọ́, ṣé wọ́n fara mọ́ ọn? Ẹ ò sọ ìyẹn. Bí wọ́n bá gbà, ẹ pè wọ́n wá jẹun nílé yín, kí bàbá wọn rí wọn lójúkojú kí ọjọ́ tó pé.