Ṣé àlàyé Uppsala (orúkọ ìlú kan ní Sweden) lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń wọ ọjà òkèèrè ti di ti àtijọ́?

Rárá o, wọ́n tún un ṣe ni. Ní 1977, Johanson àti Vahlne, àwọn onímọ̀ nípa òwò láti Sweden, kọ ọ́ pé ilé-iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wọ orílẹ̀-èdè tó sún mọ́ tiwọn, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ní 2009, àwọn méjèèjì fi kún un pé ẹni tí o mọ̀ níbẹ̀ ló ṣe kókó. Aláṣọ Gbági tó ń pe oníbàárà rẹ̀ ní Kútọnu pé kó di ẹrù sílẹ̀ kí owó tó wọlé yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ṣì dá lé, ó sì ń dùn mí. Bí o bá ń wá àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá n'Íbàdàn, Gbági ni kí o lọ.